Ta Ní Ń Bọ́ Ẹni Tó Tètè Fẹ̀yìn Tì?

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń gba owó oṣù ló ń sọ báyìí pé àwọn kò ní í pé ọgọ́ta ọdún kí àwọn tó fiṣẹ́ sílẹ̀. Ìṣirò kan ni wọ́n gbójú lé. Ní 1994, William Bengen, ará Amẹ́ríkà tó ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn lórí owó, yẹ èrè orí ṣíà àti owó tí aráàlú yá ìjọba Amẹ́ríkà wò láti 1926. Ó rí i pé ẹni tó bá ná ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́, tó sì ń fi kún iye yẹn bí ọjà bá ṣe ń wọ́n sí i, lè ná owó náà fún ọgbọ̀n ọdún kó má tán. Bí a bá tẹ̀ lé e, ẹni tó ń ná ₦200,000 lóṣù gbọ́dọ̀ kó ₦60,000,000 jọ. Wọ́n ní tó bá ti rí i kó jọ, ó ti bọ́ lọ́wọ́ gbogbo èèyàn. Ibẹ̀ ni èmi kò ti gbà.

Kì í ṣe pé owó pípamọ́ lòdì sí ìgbàgbọ́, bí àwọn kan ṣe máa ń fi òwe ọlọ́rọ̀ inú Lúùkù orí 12 wí. Ọkùnrin yẹn fẹ́ wó àká rẹ̀ kó lè kọ́ èyí tó tóbi jù ú lọ, kó wá máa jẹ, kó máa mu. Ọlọ́run sì pè é ní òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n Jósẹ́fù náà kó ọkà jọ: nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 41, ìdá kan nínú márùn-ún ìkórè Íjíbítì ló gbà fún ọdún méje, ọlọ́gbọ́n ni wọ́n sì pè é. Kí ló ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀? Ara rẹ̀ nìkan ni ọlọ́rọ̀ náà ń bá sọ̀rọ̀. Kò dárúkọ aya, ọmọ tàbí alágbàṣe kankan nínú ètò rẹ̀. Ọkà Jósẹ́fù bọ́ ìlú nígbà tí ìyàn mú (ó tà á ni o, kò fi ṣe sàárà). Ẹ̀sìn Ìsìláàmù gba ọ̀nà tirẹ̀ débẹ̀: owó tó bá tó ìwọ̀n, tó sì pé ọdún kan nílẹ̀, a gbọ́dọ̀ yọ méjì àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ fún Sàká. Mùsùlùmí tó fẹ́ máa ná ìdá mẹ́rin ní láti tún ìṣirò Bengen ṣe.

Ibo gan-an ni ìdá mẹ́rin yẹn ti ń wá? Èrè orí ṣíà, òógùn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ni. Owó ilé, làálàá ayálégbé ni. Ẹni tó fọ̀gá rẹ̀ sílẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ èèyàn. Àwọn tí kò mọ̀ rí ló ń bọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ náírà tí agbára rẹ̀ ń dín kù náà wà níbẹ̀. Ní Oṣù Kejìlá 2024, iye tí NBS, àjọ ìṣirò Nàìjíríà, kéde fún ọ̀wọ́ngógó ọjà láàárín ọdún kan jẹ́ 34.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Nǹkan tí ₦2,400,000 (owó ọdún kan fún ẹni tó ń ná ₦200,000 lóṣù) tó rà tẹ́lẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦3,240,000. Ọgbọ̀n ọdún ni Bengen sì ń sọ, kì í ṣe àádọ́ta tí ẹni tó fẹ̀yìn tì lẹ́ni ogójì ọdún lè lò láyé.

Àwọn kan yóò ní ẹbí gan-an ni ewu: ẹni tó bá fi ọkàn sí ẹ̀bẹ̀ wọn kò ní í rí kọ́bọ̀ pa mọ́. Òótọ́ wà níbẹ̀. Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu, ṣùgbọ́n bí oko kò bá so, kí lọmọ fẹ́ fún ìyá mu? Òbí tó pa owó mọ́ kí ọmọ lè sinmi ti ṣe ohun tó dára. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni ìṣirò tó ka epo mọ́tò àti owó iná, tí kò ka oògùn ìyá àti owó iléèwé ọmọ àbúrò, nígbà tí ẹni tó ṣe é mọ̀ dájú pé òun yóò san án. Irọ́ ni irú ìṣirò bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ orúkọ àwọn tó wà lọ́rùn yín síwèé ìṣirò yín, kí ẹ tún un ṣírò, kí ẹ tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.