Ọmọkùnrin Kan Ṣoṣo Tí Wọ́n Yọ̀ǹda: Ìtàn Ìdílé Àgbẹ̀ Kan Láti Nọ́wè

Bíbélì kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 12:1-9, 1 Àwọn Ọba 21:1-16, Jòhánù 4:35-38
Àkọ́sórí: Gálátíà 6:9

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, kí a tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ òní, kí olúkúlùkù yín rántí ẹni tí ó san owó ilé-ìwé rẹ̀. Ẹ má ì tíì dárúkọ rẹ̀. Ẹ fi sí ọkàn títí a ó fi dé ìparí.

Ní ọdún 1854, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ole Olson Dybevig àti aya rẹ̀, Solveig Thomasdatter Rinde, kúrò ní Feios, abúlé kékeré kan ní agbègbè Vik ní orílẹ̀-èdè Nọ́wè. Àpáta àti òkè pọ̀ ní Nọ́wè, ilẹ̀ tí ó ṣe é ro kò sì tó nǹkan. Ní ọ̀pọ̀ ilé, àkọ́bí ni í jogún oko. Àwọn àbúrò á lọ máa ro ilẹ̀ onílẹ̀, wọn á sì fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn san ìṣákọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ fi ń wo òkun. Ní 1825 ni ọkọ̀ kékeré kan, Restauration, ti kọ́kọ́ gbé ènìyàn 52 láti Stavanger. Nígbà tí wọn yóò fi gúnlẹ̀ ní New York wọ́n ti di 53, nítorí a bí ọmọ kan lójú omi. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó tẹ̀ lé e, àwọn ará Nọ́wè tí ó lé ní 800,000 ni wọ́n ṣí lọ sí Amẹ́ríkà.

Ole àti Solveig dé Wisconsin. Nígbà tí ó yá, ìdílé náà ṣí lọ sí Iowa, sí àdúgbò kan tí ń jẹ́ Saude nítòsí ìlú Cresco, níbi tí àwọn ará Nọ́wè pọ̀ sí. Orúkọ tí a mọ àwọn ọmọ wọn sí ni Borlaug.

A máa ń wàásù nípa Ábúráhámù bí ẹni pé ó ká ẹrù rẹ̀ tayọ̀tayọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kò sì bojú wẹ̀yìn mọ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá kúrò nílé bàbá rẹ̀ mọ ohun tí ó fi sílẹ̀. Ọ̀dàn ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí bá níwájú: koríko gíga lọ títí ojú kò fi tó o mọ́, igi kò pọ̀, gbòǹgbò koríko náà sì lọ́ mọ́ra wọn nínú ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé akọ màlúù ni wọ́n fi ń fa irin ìtúlẹ̀ kí ó tó lè là á. Ilẹ̀ dúdú, ilẹ̀ ọlọ́ràá ni, ṣùgbọ́n kì í jọ̀wọ́ ara rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọyẹ́ tiwa kò jẹ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òtútù ibẹ̀, nígbà tí yìnyín bá bo ilé àti ọ̀nà fún oṣù mélòó kan.

Olùkọ́ kíláàsì kò gbọdọ̀ fo ohun tí ó kàn yìí. Ilẹ̀ náà kò ṣófo rí. Àwọn Ho-Chunk, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà tí ó ni Amẹ́ríkà kí àwọn aláwọ̀ funfun tó dé, ni ìjọba kó wá sí ìhà àríwá ìlà-oòrùn Iowa ní nǹkan bí 1840, lẹ́yìn tí a ti gba ilẹ̀ àtijọ́ wọn. Ní 1848 ìjọba tún kó wọn kúrò níbẹ̀ lọ sí Minnesota. Ẹ̀yìn èyí ni àwọn ará Nọ́wè dé. Kì í ṣe ìdílé Borlaug ló lé wọn. Tálákà tí ń wá oko ni wọ́n. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ka ìtàn ọgbà àjàrà Nábótì kò lè ní ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun. Ìbùkún tí a ń jẹ lè ní ẹkún ẹlòmíràn lábẹ́ rẹ̀.

Ní 1889, méjì nínú àwọn ọmọ Ole àti Solveig, Ole kékeré àti Nels, wà lára àwọn tí ó dá ìjọ sílẹ̀ ní Saude. Ìjọ Lúútérù ni, wọn kì í ṣe Onítẹ̀bọmi bí àwa, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé wọ́n rántí ilé Ọlọ́run.

Ilé Nels yìí ni a ti bí ọmọ-ọmọ rẹ̀, Norman, ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta, 1914. Henry àti Clara ni àwọn òbí rẹ̀. Ó ní àbúrò obìnrin, ṣùgbọ́n òun nìkan ni ọkùnrin. Oko ìdílé náà jẹ́ éékà 106. Láti ìgbà tí ó ti pé ọmọ ọdún méje ni ó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: àgbàdo, óòtì, koríko ẹran, màlúù, ẹlẹ́dẹ̀, adìẹ. Ilé-ìwé oníyàrá kan, olùkọ́ kan, ni ó lọ. Èmi náà ti kọ́ kíláàsì mẹ́ta pọ̀ nínú yàrá kan rí, mo sì mọ̀ pé irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ kì í jókòó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Kí ni àgbẹ̀ yóò ṣe sí ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí ó ní? Ọ̀pọ̀ ọmọ àgbẹ̀ ní àdúgbò bẹ́ẹ̀ ni ó ń parí ìwé ní kíláàsì kẹjọ tí wọ́n sì ń padà sóko, kò sì sí ẹni tí yóò bú bàbá wọn. Ṣùgbọ́n bàbá àgbà, Nels, tí òun fúnra rẹ̀ kò rí ìwé púpọ̀ kà, ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọmọ náà létí pé kí ó kẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀. Ó lọ sí ilé-ìwé gíga ní Cresco, nígbà tí ó sì di 1933, ó lọ sí Yunifásítì Minnesota. Ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò àbáwọlé! Ẹ̀ka mìíràn nínú yunifásítì náà ni wọ́n kọ́kọ́ gbà á sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Èmi náà nìkan ni ọkùnrin tí bàbá mi bí, oko kòkó sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó yọ̀ǹda mi fún ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni. Ní ìsinmi kan ó ránṣẹ́ pé kí n wá bá òun ṣán oko. Mo dá a lóhùn pé ìdánwò wà níwájú mi. Kò sí ìdánwò kankan. Ojú ni ń tì mí kí àwọn ẹgbẹ́ mi má baà rí mi pẹ̀lú àdá. Bàbá mi kò tún bẹ̀ mí mọ́ títí ó fi kú, oko náà sì ti di igbó.

Norman rí ebi ní ìlú Minneapolis, ní àkókò tí iṣẹ́ wọ́n ní gbogbo Amẹ́ríkà. Kò mọ irú ebi bẹ́ẹ̀ lóko bàbá rẹ̀. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú àrùn ohun ọ̀gbìn ní 1942, ó sì lọ sí Mexico ní 1944, níbi tí àrùn kan ti ń ba àlìkámà jẹ́, tí ọkà á dà bí irin tí ó dógùn-ún. Ó ń gbìn ín lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní ilẹ̀ gbígbóná àti ní orí òkè, kí iṣẹ́ lè yá. Ó ń mú oríṣi kan bá òmíràn títí ó fi rí èyí tí àrùn kò lè pa, tí igi rẹ̀ kúrú tí kò sì ń wó. Ní 1963, ìkórè àlìkámà Mexico ti di ìlọ́po mẹ́fà ti 1944. Láti ibẹ̀ ni irúgbìn náà ti dé Íńdíà àti Pakistan. Nínú oko ní Toluca ni aya rẹ̀ ti wá bá a ní 1970 láti sọ fún un pé òun ni wọ́n fún ní Ẹ̀bùn Nobel ti Àlàáfíà. Bàbá àti ìyá rẹ̀ wà láàyè láti gbọ́ ọ. Ní 1971 ni bàbá kú, ìyá ní 1972. Àwọn kan ti ṣàríwísí iṣẹ́ náà, pé ajílẹ̀ àti omi tí ó ń fẹ́ pọ̀, pé olówó ni ó kọ́kọ́ ń jàǹfààní rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe asán. Ṣùgbọ́n ẹni tí ebi ń pa kò ní kọ oúnjẹ náà.

Nígbà tí ìyàn mú ní Ethiopia ní 1984, arúgbó ará Japan kan, Ryoichi Sasakawa, ní kí ó wá ran Áfíríkà lọ́wọ́. Norman ní òun ti dàgbà jù. Sasakawa dá a lóhùn pé òun fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jù ú lọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1986, Ghana wà lára ibi àkọ́kọ́, iṣẹ́ náà sì dé òkè Ọya ní Nàìjíríà ní 1992. Norman kú ní 2009, ní ẹni ọdún 95.

Nels kò rí ìkórè yìí. Solveig tí ó wọ ọkọ̀ ojú omi kò tilẹ̀ mọ̀ pé a ó bí Norman. Ẹ tún padà ka Jòhánù 4:37 àti 38, kí ẹ sì kà á pẹ̀lú orúkọ wọn.

Fún ìjíròrò: Ta ni ó ro ilẹ̀ tí ìjọ wa dúró lé lórí kí a tó dé ibẹ̀? Bí ọmọ yín kan ṣoṣo bá fẹ́ lọ sí ọ̀nà jíjìn lónìí, kí ni ẹ ó sọ fún un? Ẹni tí mo ní kí ẹ rántí ní ìbẹ̀rẹ̀ ńkọ́: ǹjẹ́ ó ṣì wà láàyè, ìgbà wo ni ẹ sì rí i kẹ́yìn?