Ilẹ̀ Ẹbí, Ìtẹ̀ka Ẹnì Kan

Láyé àwọn baba wa, ẹni tó bá fẹ́ dáko sórí ilẹ̀ ẹbí yóò gbé obì àti ọtí wá síwájú àwọn àgbà. Wọn yóò pe orúkọ àwọn tó ti kú, wọn yóò sì là á fún àlejò pé ìṣákọ́lẹ̀ ni yóò máa san, ilẹ̀ kì í ṣe títà. Olórí ẹbí kàn ń bá wọn tọ́jú rẹ̀ ni. Lónìí, lábúlé tí góòlù wà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ẹnì kan a tẹ̀ka sínú ìwé tí kò kà, a gbowó, kò ní pẹ́ tí kátápílà yóò fi wọ oko kòkó tí baba ńlá ẹlòmíràn gbìn.

Òfin ò gbè wá púpọ̀. Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sábẹ́ gómìnà; òfin ìwakùsà ti 2007 ní ìjọba àpapọ̀ ló ni kùsà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Tó bá di owó gbà-má-bínú, igi kòkó ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka ọmọ tí ì bá jogún oko. Síbẹ̀, òfin 2007 yìí kan náà ló pàṣẹ pé kí ilé iṣẹ́ tó gba ìwé àṣẹ bá ará ìlú ṣàdéhùn kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kó sì tún ilẹ̀ ṣe. Mélòó nínú wa ló ti fojú kan irú àdéhùn bẹ́ẹ̀? Ṣé wọ́n pe àwọn obìnrin síbẹ̀?

Odò Ọ̀ṣun ni ẹ̀rí. Àwọn tó ń fọ góòlù lápá òkè ti sọ omi rẹ̀ di ẹrẹ̀. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fáwọn tó ń bọ̀ wá ṣọdún pé kí wọ́n má mu ún. Omi tí àgàn ń mu kó lè bímọ! Ó dùn mí wọra, nítorí kì í ṣe àlejò nìkan ló bà á jẹ́. Ọmọ ìlú ló mú wọn mọ̀nà.

N ò bá ọ̀dọ́ tó ń fọ yẹ̀pẹ̀ jà. Ebi ló lé e débẹ̀. Àwọn àgbà tó yẹ kí wọ́n kọ̀ ni mò ń bá wí. Kí wọ́n ka ìwé àdéhùn sókè ní gbàgede, ní èdè wa, níṣojú tọmọdé tàgbà, kẹ́nikẹ́ni tó fọwọ́ sí i. Olórí ẹbí tó bá ní ọ̀rọ̀ àṣírí ni, kí ẹbí yọ ọ́ nípò.