ẸRÙ TÈMI, ẸRÙ TÌRẸ: TA NI KÍ Ó SAN OWÓ ÌWÒSÀN?

 

Nínú orí kẹfà ìwé tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Gálátíà, ọ̀rọ̀ méjì wà tí ó jọ pé wọ́n ń bá ara wọn jà. Ẹsẹ kejì ní kí a máa bá ara wa gbé ẹrù. Kò pẹ́ tí ẹsẹ karùn-ún fi sọ pé oníkálukú ni yóò gbé ẹrù ara rẹ̀. Èwo ni kí á tẹ̀ lé? Ìbéèrè yìí ni ó wà nídìí àríyànjiyàn tí ó ń lọ ní ilẹ̀ wa lórí owó ìwòsàn. Àwọn kan ní kí ìjọba kó gbogbo ènìyàn sínú ètò adójútòfò ìlera, kí olówó àti tálákà jọ máa dáwó sí àpò kan náà. Àwọn mìíràn ní kí oníkálukú lọ ra tirẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ aládàáni, bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn olóṣèlú nìkan. Ọ̀rọ̀ wa ni, nítorí nígbà tí ara ọmọ bá gbóná lóru, ìyá ni ó ń jí.

Ibi tí a ti ń bọ̀

Àwọn àgbà láàárín wa yóò rántí ọdún 1979 sí 1983, nígbà tí Olóyè Bọ́lá Ìgè jẹ́ gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí Òṣogbo àti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ṣì wà lábẹ́ Ọ̀yọ́ kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní ọdún 1991. Ìwòsàn ọ̀fẹ́ wà lára ìlérí mẹ́rin tí ẹgbẹ́ òṣèlú Olóyè Awólọ́wọ̀ ṣe. Nígbà tí ó yá, àwọn ológun gba ìjọba, owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, nǹkan sì le. Ní ọdún 1987, àwọn mínísítà ètò ìlera ilẹ̀ Áfíríkà fi ẹnu kò ní Bamako pé kí àwọn ará ìlú máa san nínú owó oògùn, kí wọ́n lè fi owó náà ra òmíràn. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n nílé ìwòsàn púpọ̀, ohun tí ó dà fún aláìní ni pé bí kò bá sí owó, kò sí ìtọ́jú.

Ní ọdún 1999 ni òfin ètò adójútòfò ìlera ti orílẹ̀-èdè jáde, ọdún 2005 ni ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni ó kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀. Alátà, aránṣọ, àgbẹ̀ àti onígàrí wà níta. Ìwádìí ìjọba ti ọdún 2018 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 15 sí 49, nǹkan bíi mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ni kò ní adójútòfò ìlera kankan. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022 ni òfin tuntun wá sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, tí ó sì dá àpò kan sílẹ̀ fún àwọn aláìlágbára. Òfin ti wà. Ọkàn wa ni ó kù tí kò tíì fara mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ àwọn tí ó ní kí oníkálukú dá dúró

Ẹ jẹ́ kí á gbọ́ tẹnu wọn dáadáa. Wọ́n ní ohun tí ó bá jẹ́ ti gbogbo ayé, kò sẹ́ni tí ń tọ́jú rẹ̀. Wọ́n ní a ti gbọ́ ti àwọn tí ó mú káàdì lọ sílé ìwòsàn tí wọ́n sọ fún pé kò sí oògùn, kí wọ́n lọ rà á níta. Wọ́n rán wa létí pé ní ọdún 2001, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà jẹ́jẹ̀ẹ́ ní Àbújá pé ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún owó ìjọba yóò máa lọ sí ètò ìlera, àti pé ìjọba àpapọ̀ tiwa, tí ó gba àlejò wọn, kò tíì dé ibẹ̀ títí di òní. Òfin ètò ìlera ti ọdún 2014 pèsè owó fún ìtọ́jú alábọ́ọ́dé, síbẹ̀ ọdún 2018 ni owó náà tó kọ́kọ́ wọ inú ètò ìṣúná.

Àwa Ìjẹ̀ṣà sì mọ ìdí mìíràn. Ọmọ Òṣómàáló ni wá. Àwọn baba wa gbé aṣọ lọ sí ìlú onílùú, wọ́n tà á ní àwìn, wọ́n sì lóṣòó títí wọ́n fi gba owó wọn. Ẹni tí irú wọn bí kò fẹ́ràn kí á máa bá òun san gbèsè. Iyì ń bẹ nínú kí ènìyàn gbé ẹrù ara rẹ̀. Àwa kò ní fi ìyẹn ṣẹ̀sín.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà kò ti tó

Ṣùgbọ́n ẹ wo èyí. Gbogbo wa mọ àjọ àti èsúsú. Nínú méjèèjì, owó tí o dá ni o máa kó. Adójútòfò kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú rẹ̀, ènìyàn ń dáwó, ó sì ń gbàdúrà kí òun má ṣe kó o láéláé. Bí ọdún bá parí tí ara rẹ̀ le, owó rẹ̀ ti lọ sọ́dọ̀ aláboyún kan tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gba ẹ̀mí rẹ̀ là ní ìlú mìíràn. Kò mọ̀ ọ́n, kò sì ní dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ọgbọ́n ìfowópamọ́ nìkan kò lè gbé ètò yìí ró. Ìfẹ́ ni ó lè gbé e.

Ilé iṣẹ́ aládàáni tí ó ń wá èrè kò lè fi ìfẹ́ nìkan ṣòwò, a kò sì dá a lẹ́bi. Bí ó bá gba opó ẹni àádọ́rin ọdún tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ní iye tí ó ń gba ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le, yóò wọ gbèsè. Nítorí náà yóò gba owó púpọ̀ lọ́wọ́ opó, tàbí kí ó kọ̀ ọ́. Bí a bá sì ní kí ẹni tí ó bá wù ú nìkan wọlé, aláìsàn ni yóò sáré wọlé, ẹni tí ara rẹ̀ le yóò dúró níta, àpò yóò sì gbẹ. Ìdí nìyí tí òfin fi sọ pé dandan ni.

Àwọn mìíràn ti rìn ní ọ̀nà yìí ṣáájú wa. Jámánì bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ọdún 1883. Láti oṣù keje ọdún 1948 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi owó orí tọ́jú gbogbo ènìyàn. Gánà tí ó wà nítòsí wa ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 2003, ó sì fi owó díẹ̀ lé orí ọjà tí àwọn ènìyàn ń rà, kí ẹni tí kò ní owó oṣù náà lè dá tirẹ̀. Amẹ́ríkà tí ó fi púpọ̀ nínú ètò rẹ̀ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ aládàáni lówó jù wọ́n lọ, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn ibẹ̀ ni kò ní adójútòfò kankan.

Ẹrù méjì ni

Ẹ jẹ́ kí á padà sí Gálátíà. Ní èdè Gíríìkì tí Pọ́ọ̀lù fi kọ̀wé, ọ̀rọ̀ tí ó lò ní ẹsẹ kejì yàtọ̀ sí èyí tí ó lò ní ẹsẹ karùn-ún. Ti àkọ́kọ́ ni ẹrù wúwo tí ń tẹ ènìyàn mọ́lẹ̀. Ti èkejì ni ẹrù tí ó mọ níwọ̀n, irú èyí tí oníkálukú ń gbé rìn. Nítorí náà ẹsẹ méjèèjì kò bá ara wọn jà. Kí o fọ ọwọ́, kí o ta àpò ẹ̀fọn, kí o mú ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí o ra oògùn orí fífọ́: ẹrù tìrẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ, àrùn jẹjẹrẹ, kíndìnrín tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹrù tí ń tẹni mọ́lẹ̀ ni ìwọ̀nyẹn. Obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀ inú Ìhìn Rere Máàkù gbìyànjú láti dá irú rẹ̀ gbé. Gbogbo ohun tí ó ní ni ó ná sọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn, àìsàn náà sì ń burú sí i.

Ìjọ wa ti mọ ìyàtọ̀ yìí tipẹ́. Ní ọdún 1746, John Wesley ṣí ibi tí àwọn aláìní ti lè gba oògùn ní Lọ́ńdọ̀nù. Nílé wa níbí, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ Mẹ́tọ́díìsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó dáwó tí Wesley Guild fi dúró ní Iléṣà, kí ìjọba tó gbà á ní ọdún 1975. Àwọn tí wọ́n dáwó náà kò retí pé àwọn yóò gba ìtọ́jú níbẹ̀. Láti ibẹ̀ ni Dókítà David Morley, tí ó dé ní ọdún 1956, ti lọ ṣiṣẹ́ ní Ìmèsí-Ilé láàárín àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Wọ́n ń wọn ọmọ déédéé, wọ́n ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí káàdì, ìyá ni ó sì ń tọ́jú káàdì náà nílé. Ẹ kíyè sí i: káàdì wà lọ́wọ́ ìyá, nọ́ọ̀sì àti abẹ́rẹ́ jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Ẹsẹ Bíbélì méjèèjì pàdé níbẹ̀.

Kí ni kí á ṣe?

Ohun tí a gbà gbọ́ ni èyí: kí àpò ẹrù wúwo jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, kí oníkálukú dá a bí agbára rẹ̀ ti mọ, kí àìsàn tó dé. Èyí kò lé ilé ìwòsàn aládàáni tàbí ti ìjọ kúrò. Ará Samáríà san owó fún onílé èrò, ó sì ṣèlérí èyí tí ó bá kù. Jésù kò ní kí onílé èrò ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwọn kan yóò ní, ṣebí a máa ń ṣe àánú nínú ìjọ wa? A máa ń ṣe é. Bí arábìnrin kan bá wà lórí ibùsùn, a ń gbé igbá ọrẹ yípo. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á sọ òtítọ́: ẹni tí gbogbo wa mọ̀ ni igbá rẹ̀ ń kún. Ẹni tí ó dákẹ́ sí ìjókòó ẹ̀yìn, tí kò ní aṣọ ẹgbẹ́, díẹ̀ ni tirẹ̀. Aláìsàn ní láti di mímọ̀ kí ó tó di rírànlọ́wọ́, ìtìjú sì ń bẹ nínú rẹ̀. Owó tí a ti dá sílẹ̀ ṣáájú kò béèrè ta ni ọ́.

Nítorí náà, a rọ gbogbo ẹ̀ka láti pe òṣìṣẹ́ àjọ adójútòfò ìlera ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wá sí ìpàdé, kí ó ṣàlàyé iye owó ọdún kan àti àwọn àìsàn tí ètò náà ń tọ́jú. Kí àwọn tí agbára wọn ká a forúkọ sílẹ̀. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó ìkórè láti forúkọ opó méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì mú káàdì lọ tí wọn kò tọ́jú rẹ̀, kí á má ṣe kùn sílé. Kí á kọ ọ́ sílẹ̀, kí á sì mú un lọ síwájú àjọ náà. A kò bẹ̀rù pé olè wà lọ́jà kí á wá kọ ọjà sílẹ̀. Ńṣe ni à ń so owó wa mọ́ra, tí a sì ń la ojú wa.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Èwo nínú àwọn ẹrù wa ni ó yẹ kí á dá gbé, èwo ni ó sì yẹ kí á jọ gbé?
2. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ẹni tí ara rẹ̀ le máa sanwó fún aláìsàn tí kò mọ̀ rí? Kí nìdí?
3. Ta ni nínú ẹ̀ka wa tí igbá ọrẹ kì í kún fún?

Kí Oníṣègùn ńlá náà fún wa ní ara líle, kí ó sì fún wa ní ọkàn tí ó lè bá ẹlòmíràn gbé ẹrù. Àmín.