Ta Ni Ó Ni Oorun Òṣìṣẹ́ Òru?

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, bí ènìyàn bá gba owó iṣẹ́ òru, ǹjẹ́ ó ti ta oorun rẹ̀ mọ́ ọn? Ní Sango-Ọ̀tà, ìbéèrè yìí kì í ṣe àròsọ. Nígbà tí àwa ń ti ìrun àsùbáà bọ̀, àwọn ọmọ wa kan ń ti ilé iṣẹ́ jáde, wọ́n ń wá ọkọ̀ lábẹ́ afárá Sango, ojú wọn pọ́n.

Ọlọ́run fi aago sí ọmọ ènìyàn lórí. Ìsàlẹ̀ ọpọlọ ni ó wà, lókè ibi tí iṣan ojú méjèèjì ti pàdé. Sẹ́ẹ̀lì bí 20,000 ni ó para pọ̀ di aago náà. Jíìnì tí a jogún ni ó ń yí i. Jíìnì kan a pàṣẹ kí sẹ́ẹ̀lì ṣe èròjà kan. Bí èròjà náà bá pọ̀ tó, a dá jíìnì náà dúró. Bí ó bá tán, iṣẹ́ a tún bẹ̀rẹ̀. Ìyípo kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí 24. Lára eṣinṣin èso ni Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young ti rí àṣírí yìí, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2017. Ìmọ́lẹ̀ tí ó gba ojú wọlé ni ó ń mú aago náà bá ojúmọ́ dọ́gba.

Nítorí náà, iná ilé iṣẹ́ ń sọ fún ọpọlọ pé ọ̀sán ni. Oòrùn òwúrọ̀ tún sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí òṣìṣẹ́ fẹ́ sùn. Ní 2007, àjọ tí ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ka iṣẹ́ òru mọ́ ohun tí ó jọ pé ó ń fa àrùn náà. Wọ́n tún fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2019.

Ẹnìkan lè wí pé, "Òun ló fọwọ́ sí i." Òótọ́ ni, aláìsàn pàápàá nílò ẹni tí yóò ṣọ́ ọ lóru. Ṣùgbọ́n aago tí ènìyàn kò dá fúnra rẹ̀, àmánà ni. Agbára apá ni ó tà, kò ta àmánà. Gbèsè oorun náà wà lọ́rùn gbogbo ẹni tí ó ń jèrè iṣẹ́ rẹ̀.

Kí ọ̀gá má ṣe so iṣẹ́ òru mọ́ ti ọ̀sán. Kí ará ilé ta aṣọ sójú fèrèsé, kí wọ́n yí rédíò sílẹ̀, kí wọ́n má sì pè é ní ọ̀lẹ: Súrátù Rúm, áyà 23, ka oorun òru àti ti ọ̀sán mọ́ àmì Ọlọ́run. Kí òṣìṣẹ́ náà má fi ọ̀sán gun ọ̀kadà kiri. Ìlera loògùn ọrọ̀.