Ìdílé Klimke, Ẹṣin àti Òṣùwọ̀n Ọmọlúàbí

Ọmọlúàbí, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ṣe ń lo ọ̀rọ̀ náà, ni ẹni tí òtítọ́, sùúrù, ìtẹríba, inú rere, akínkanjú àti ìfẹ́ iṣẹ́ pàdé nínú ìwà rẹ̀, tí ìwà náà kò sì yí padà bí ojú bá kúrò lára rẹ̀. Láàárín ènìyàn sí ènìyàn ni a ti sábà máa ń lo òṣùwọ̀n yìí, nítorí pé ẹni tí a ṣẹ̀ lè rojọ́, aládùúgbò lè jẹ́rìí, àgbà sì lè dá ẹjọ́. Àmọ́ iṣẹ́ kan wà tí ẹni tí a jọ ń ṣe é kò lè sọ̀rọ̀ rárá, tí ó sì jẹ́ pé inú ọgbà tí èrò kò sí ni a ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀: iṣẹ́ kíkọ́ ẹṣin fún ìdíje. Ìdílé Klimke ti ìlú Münster ní Jámánì, níbi tí bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ ti jẹ́ agẹṣin, yẹ ní wíwọ̀n lórí òṣùwọ̀n náà, nítorí pé wọ́n kọ ọ̀nà iṣẹ́ wọn sínú ìwé, a sì lè fi ohun tí wọ́n sọ wé ohun tí wọ́n ṣe.

Reiner Klimke, tí a bí ní ọdún 1936 tí ó sì kú ní 1999, kò gbójú lé ẹṣin fún oúnjẹ òòjọ́. Amòfin ni ní Münster. Eré tí a ń pè ní dressage ni ó ti lókìkí jù, ìyẹn ìdíje tí ẹṣin ti ń rìn, tí ó ń sáré, tí ó sì ń yí ara ní ìlànà tí a ti là sílẹ̀, tí agẹṣin ń darí rẹ̀ jẹ́jẹ́ débi pé òǹwòran kò ní rí ohun tí ó ń ṣe, tí àwọn adájọ́ sì ń fún ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 10. Láti Olympic Tokyo ní 1964 títí dé ti Seoul ní 1988, ó gba wúrà 6 àti idẹ 2, orí ẹṣin mẹ́ta, Dux, Mehmed àti Ahlerich, ni ó sì ti gbà wọ́n. Ẹni tó fi ẹṣin kan ṣoṣo borí lè jẹ́ ẹni tí orí bá ṣe. Ẹni tó fi mẹ́ta borí láàárín ọdún 24 ní ọ̀nà kan tí ó ń tọ̀. Ní Los Angeles ní 1984, lẹ́yìn tí ìdíje ti parí tí kò sì sí máàkì tí ẹnikẹ́ni tún lè fún un, Ahlerich yí pápá ká nígbà tí wọ́n ń yẹ́ ẹ sí, ó sì ń pààrọ̀ ẹsẹ̀ ní gbogbo ìṣísẹ̀, èyí tí ó wà lára ohun tó ṣòro jù nínú eré náà. Ẹṣin tí ìyà ti kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí ó bá di dandan; ó ṣòro kí ó ṣe é pẹ̀lú irú ara yíyá bẹ́ẹ̀ nígbà tí ariwo èrò gba gbogbo pápá.

Ọ̀nà náà kì í ṣe àdáni ìdílé yìí. Ìlànà kíkọ́ ẹṣin ní Jámánì ní ìpele mẹ́fà: àkọ́kọ́, kí ìṣísẹ̀ ẹṣin dọ́gba bí ìlù; èkejì, kí ara rẹ̀ dẹ̀, kí ìpayà kúrò nínú iṣan rẹ̀; ẹ̀kẹta, kí ẹnu rẹ̀ àti ọwọ́ agẹṣin máa gbọ́ ara wọn nípasẹ̀ ìjánu; lẹ́yìn ìyẹn ni agbára tó ń ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wá, lẹ́yìn rẹ̀ ni títọ́ ara, ìgbẹ̀yìn sì ni kíkó ìwúwo jọ sórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kí iwájú lè fúyẹ́. Ẹni tó bá fo ìpele kan kọjá lè rí ohun tó jọ èsì kíákíá, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn àti oríkèé ẹṣin ni yóò san gbèsè rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Àjọ àgbáyé fún eré ẹṣin, FEI, pàápàá kò gbà kí ẹṣin tí kò tíì pé ọdún 8 díje ní Grand Prix, tí í ṣe ìpele tó ga jù nínú dressage. Ohun tí Reiner tẹnu mọ́ nínú rẹ̀, tí ó sì fi ṣe ìwé, ni cavaletti, àwọn ọ̀pá igi tí a gbé kọ́ orí ìtìlẹ̀ kúkúrú ní ìpẹ̀kun méjèèjì, tí a tò sílẹ̀ kí ẹṣin lè máa gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí wọn. Bí ẹṣin bá ń rìn, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 80 ni ó máa ń wà láàárín ọ̀pá kan sí èkejì; bí ó bá ń sáré díẹ̀díẹ̀, àlàfo náà á lé ní mítà kan. Igi lásán ni, kò sì ní ẹwà kankan, ṣùgbọ́n ó ń mú kí ẹṣin wo ibi tí ó ń tẹ̀, kí ó lo ẹ̀yìn rẹ̀, kí iṣẹ́ má sì sú u. Ìdílé oníṣẹ́ ọwọ́ tó gbówọ́ a máa fi àṣírí iṣẹ́ pa mọ́ fún ọmọ bíbí inú wọn. Èyí kọ tirẹ̀ síta, nígbà tó sì yá, Ingrid ọmọ rẹ̀ tún ìwé náà ṣe. Nínú ohun gbogbo tí a lè kà sí inú rere nínú ìtàn wọn, èyí ni ó wúwo jù.

Ẹṣin kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ọ̀yọ́ àtijọ́ fi ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin jọba lórí ilẹ̀ ọ̀dàn, ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò apá òkè ni wọ́n sì ti ń ra púpọ̀ nínú àwọn ẹṣin náà, nítorí pé àìsàn tí eṣinṣin inú igbó ń gbé kiri kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ láyé níbi tí igbó bá ti dí. Nítorí ọ̀wọ́n rẹ̀, ẹṣin di àmì ọlá, òwe tí a sì fi pa kún fún ìkìlọ̀ fún ẹni tó gùn ún, pé bó pẹ́ bó yá, yóò sọ̀kalẹ̀. Ìwọ̀nba ni èyí tó ro ti ẹṣin fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni òwe ti sún mọ́ ọ̀ràn náà jù: ẹni tí yóò fi igi gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ dán an wò lára rẹ̀ bóyá yóò dùn ún. Òfin yẹn, tí a bá gbé e wọ ilé ẹṣin, kan ìjánu, kẹ́sẹ́ àti pàṣán bákan náà.

Pé àwọn kan ń rú òfin náà ní gbangba kò ṣe é fi pa mọ́. Ní 2010 ni FEI kéde pé fífi ipá tẹ ọrùn ẹṣin títí àgbọ̀n rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà, tí àwọn ará Jámánì ń pè ní Rollkur, kò ní ìtẹ́wọ́gbà, lẹ́yìn tí ó ti di àṣà lọ́dọ̀ àwọn kan tó ń gba wúrà. Ní Olympic Tokyo tí wọ́n ṣe ní 2021, nínú modern pentathlon, ìdíje eléré márùn-ún tó jẹ́ pé ìbò ni wọ́n fi ń pín ẹṣin, tí agẹṣin sì ní ìṣẹ́jú 20 péré láti fi mọ ẹṣin tí kò gùn rí, ẹṣin kan kọ̀ láti fò. Agẹṣin, tí òun náà jẹ́ ará Jámánì, ń sunkún lórí rẹ̀, olùkọ́ rẹ̀ ń pariwo pé kí ó nà án, olùkọ́ náà sì fi ìkúùkù lu ẹṣin, èyí tí wọ́n tìtorí rẹ̀ lé e kúrò nínú ìdíje. Lẹ́yìn Paris 2024, wọ́n yọ ẹṣin kúrò nínú eré náà pátápátá. Ìwà àwọn méjèèjì burú, ṣùgbọ́n ìlànà tó fún ènìyàn ní ìṣẹ́jú 20 pẹ̀lú ẹran tí kò mọ̀ ọ́n jẹ̀bi ju wọn lọ. Ohun tí ìdílé Klimke fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́, kò sí ẹni tó lè fi ìṣẹ́jú 20 rí i, bó ti wù kó jẹ́ ọmọlúàbí tó.

Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré, ṣùgbọ́n Ingrid, tí a bí ní 1968, kò dúró sí ojú ọ̀nà bàbá rẹ̀ nìkan. Eventing ni ó yàn ṣáájú, eré ọlọ́jọ́ púpọ̀ tí ẹṣin kan náà yóò ti ṣe dressage, tí yóò sáré la pápá àti igbó kọjá, tí yóò máa fo igi àti omi tí kì í yẹ̀ bí ẹṣin bá kọlù wọ́n, lẹ́yìn náà kí ó tún fo ọ̀pá ní pápá. Ó wà nínú ẹgbẹ́ Jámánì tó gba wúrà Olympic ní 2008 àti 2012, àti fàdákà ní 2016. Ní ìdíje àgbáyé ti 2018 ní Tryon, ní Amẹ́ríkà, òun ni ó wà níwájú títí dé ọ̀pá ìkẹyìn. Ẹṣin rẹ̀, Hale Bob, kan ọ̀pá náà, ó já bọ́, wúrà sì di idẹ. Ẹlòmíràn ì bá wá ẹṣin tuntun. Orí Hale Bob kan náà ni ó gùn di akọni Yúróòpù ní Luhmühlen ní 2019.

Níbí ni òṣùwọ̀n náà ti ń mì. Akínkanjú jẹ́ ọ̀kan nínú ìwà ọmọlúàbí, kò sì sí ẹni tó lè fi ojo pe Ingrid, tó ṣubú ní 2021 ní Poland, tó fara pa, tí kò sì lè bá wọn lọ sí Tokyo. Ṣùgbọ́n ènìyàn yan ewu náà fún ara rẹ̀. Ẹṣin kò yàn án. Àwọn agẹṣin a máa dáhùn pé ẹṣin tí kò fẹ́ fò kò ní fò, ìdáhùn náà sì ní òtítọ́ díẹ̀ nínú, àmọ́ kíkọ̀ láti fò lójú ewu kan ṣoṣo kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú gbígbà láti gbé ayé tí ewu kún inú rẹ̀. Ìdáhùn tó ṣe é gbà ni èyí tí iṣẹ́ ojoojúmọ́ bá fi hàn: bí ẹṣin bá ń jáde lọ sí pápá láti jẹko, bí iṣẹ́ rẹ̀ bá yàtọ̀ láti ọjọ́ kan sí òmíràn, bí wọ́n bá sì dá a dúró kí ó tó rẹ̀ ẹ́.

Ọ̀ràn owó tún wà níbẹ̀. Bàbá ní iṣẹ́ amòfin, owó ẹṣin kò sì lé e. Bí Ahlerich bá fẹ́ ọdún kan sí i kí ó tó gbọ́n, kò sí ẹni tó máa tìtorí rẹ̀ febi sùn. Ọmọ fi ẹṣin ṣe iṣẹ́, orúkọ ilé-iṣẹ́ SAP sì wà níwájú orúkọ Hale Bob nínú ìwé ìdíje; ẹni tó ń náwó fẹ́ rí èsì, ọjà ẹṣin sì ń dúró de ẹni tó bá kánjú tà. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ wọn sùúrù àwọn méjèèjì, ti ọmọ ni ó wọ́n jù lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó. Franziskus, akọ ẹṣin tí a bí ní 2008, ti di ọmọ ọdún 14 nígbà tí Ingrid gùn ún nínú ẹgbẹ́ Jámánì tó gba idẹ dressage ní ìdíje àgbáyé ní Herning, ní ilẹ̀ Denmark, ní 2022; ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ tí obìnrin náà ti ṣe eré tí bàbá rẹ̀ fi lókìkí ni, ó sì ti lé ní ẹni ọdún 50 nígbà náà.