Ta Ní Ń San Owó Sùúrù?

Èmi ni mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Emùré bímọ. Nígbà tí ọmọ náà pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ó rí ohun funfun kan bíi kùrukùru nínú ẹyinjú ọ̀tún rẹ̀. Ó pọ̀n ọ́n wá bá mi ní Ìkẹ́rẹ́, nítorí èmi ni ẹ̀gbọ́n, èmi sì ni tíṣà ilé wa. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wo ojú ọmọ yìí." Mo wò ó, ọmọ náà tẹjú mọ́ mi. Mo ní, "Ṣé o ò rí i pé ó ń rí mi ni? Sùúrù ni baba ìwà. Jẹ́ kó gbó díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fi abẹ kàn án." Gbogbo ẹbí gbà pé ọ̀rọ̀ àgbà ni mo sọ.

Ọmọ náà pé ọdún méje kí a tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ojú òsì rẹ̀ ń ríran dáadáa, ìyẹn ni kò jẹ́ kí a fura. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, funfun náà sì lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí dókítà bo ojú òsì, tó bi í léèrè ẹni tó dúró níwájú rẹ̀, ọmọ náà kò mọ̀ pé èmi ni. Dókítà ṣàlàyé pé ojú ti mọ́; ọpọlọ ni kò kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi í ríran, àkókò tó yẹ kó kọ́ ọ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá tán.

Àṣé ẹ̀kọ́ ni ìríran. Ní ọdún 1961, Robert Fantz ní Amẹ́ríkà kọ̀wé pé ọmọ ọwọ́ máa ń tẹjú mọ́ àwòrán tó ní ìlà àti àmì ju ohun tí kò ní àmì lọ. Ọmọ tuntun kò sì ríran jìnnà. Ohun tó bá wà ní nǹkan bíi 20 sí 30 sẹ̀ǹtímítà ló ń rí dára jù, ìyẹn àlàfo tó wà láàárín ọmú ìyá àti ojú ìyá. Ojú ìyá ni ìwé àkọ́kà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni David Hubel àti Torsten Wiesel rán ìpéǹpéjú kan àwọn ọmọ ológbò pọ̀ fún bí oṣù mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n tú u, ojú náà kò lárùn, síbẹ̀ ológbò kò lè fi í ríran, nítorí ojú kejì ti gba àyè rẹ̀ nínú ọpọlọ. Wọ́n dán irú rẹ̀ wò lára ológbò tó ti dàgbà, kò ṣe é ní nǹkan kan. Àwọn méjèèjì wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1981. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà ojú fi ń fẹ́ yọ irú kùrukùru bẹ́ẹ̀, tó bá jẹ́ ojú kan ló bò, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbí. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni àbúrò mi gbé tirẹ̀ wá.

Ṣé sùúrù ni mo wá ṣe? Àwọn àgbà kò purọ́: ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan náà ló ní, igi gańgańran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Òwe méjèèjì kò ta ko ara wọn. Ohun tó pààlà sí wọn láàárín ni ẹni tó ń san owó ìdúró náà. Bí mo bá ń fi ebi pa ara mi kí n lè kọ́lé, èmi ni mo ń san owó sùúrù mi, baba ìwà sì nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó sí Ìkẹ́rẹ́, tí mo ń jẹ, tí mo ń sùn, tí ọmọ kan ní Emùré sì ń fi ojú rẹ̀ san án, ìyẹn kì í ṣe sùúrù. Mo ná ohun tí kì í ṣe tèmi, ẹni tó ni ín kò sì tíì lè sọ̀rọ̀.

Ẹnìkan lè ní, "Ta ni yóò gbé ọmọ ọ̀sẹ̀ márùn-ún fún ọlọ́bẹ tí àyà rẹ̀ kò ní já? Owó ńkọ́?" Òótọ́ ni, n kò bá òbí tí kò rówó wí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ní orúkọ tirẹ̀, àìlówó náà ní tirẹ̀. Ká ní mo pe ẹ̀rù ní ẹ̀rù ni, à bá wá ẹni tí yóò là wá lóye. Ká ní a pe àìlówó ní àìlówó ni, à bá dá owó jọ nínú ẹbí. Nígbà tí mo pè é ní sùúrù, a kò wá nǹkan kan mọ́, nítorí ta ní ń wá oògùn ìwà rere?

Sùúrù ní àyè tirẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá tètè ṣe iṣẹ́ abẹ fún, ìyá rẹ̀ yóò máa lẹ nǹkan bo ojú tó dára fún wákàtí díẹ̀ lójoojúmọ́, fún ọdún mélòó kan, kí èyí tó kù lè kọ́ṣẹ́. Ọmọ á sunkún, á já a dànù, ìyá á tún un lẹ̀. Sùúrù tó yẹ kí n pa mọ́ de ìgbà yẹn ni mo ti ná ṣáájú.

N kò ní kí ẹni tó pẹ́ sọ ìrètí nù. Ní Íńdíà, Pawan Sinha àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí i pé àwọn ọmọ tí kò ríran láti ìbí, tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ṣì lè kọ́ láti rí ohun púpọ̀, bí kò tilẹ̀ mọ́ gaara. Ìdí nìyí tí a fi ń bo ojú òsì ọmọ wa lójoojúmọ́, bí dókítà ti ní ká ṣe.

Nígbà tó wá kí mi kẹ́yìn, mo mú un jáde síta pẹ̀lú ojú tí a bò náà, mo yí i sí ọ̀kánkán Olósùnta. Mo ní, "Kí lo rí?"

Ó ní, "Nǹkan dúdú ńlá kan ni, Dádì Ìkẹ́rẹ́."

Mo ní Olósùnta ni. Àpáta yẹn lè dúró de ẹnikẹ́ni títí láé. Bí ìyá kan bá tún gbé ọmọ wá kí n bá òun wo ojú rẹ̀, n kò ní wo ojú náà lẹ́ẹ̀mejì. Bàtà mi ni n ó wọ̀, a ó sì jọ lọ.