Ọwọ́ Wo Ni A Ó Fi Júwe Ilé Baba Wa?

Àwọn baba wa a máa wí pé, a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ọ̀rọ̀ yìí ti mọ́ wa lára tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í fi bi ara wa léèrè mọ́ ohun tí ó ń pa láṣẹ fún wa. Ṣé pé kí ọmọ máa yin ilé baba rẹ̀ níbi gbogbo ni, ìbáà jẹ́ òtítọ́, ìbáà jẹ́ èké? Àbí ohun mìíràn wà nínú rẹ̀? A fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá jùlọ ẹ̀yin olùkọ́, bá wa gbé ọ̀ràn yìí yẹ̀ wò, nítorí kò sí ẹni tí ó kàn tó ọ̀dọ́ tí ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ tàbí tí ó lọ kọ́ni láàrín àwọn àjèjì.

Irú wọn pọ̀ lónìí. Lábẹ́ ètò Fulbright ti ìjọba Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ a máa ti ilẹ̀ wa lọ sí àwọn yunifásítì ilẹ̀ náà fún ọdún ẹ̀kọ́ kan. Wọn a máa kọ́ni ní èdè Yorùbá, Haúsá tàbí Ìgbò, àwọn tìkara wọn a sì máa kẹ́kọ̀ọ́. Nílé níhìn-ín, ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon dá ètò àgùnbánirọ̀ sílẹ̀ ní 1973, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí, kí àwọn tí ó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga lè lọ sìn fún ọdún kan ní ìpínlẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn. Ẹnìkan ṣoṣo ni ẹni tí a rán, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú rẹ̀ ni ó wà ní ẹnu rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó gbà á lálejò lè má rí ẹlòmíràn láti ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ láéláé. Ohun tí ó bá wí ni wọn yóò mú fún òtítọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo àpẹẹrẹ kan láti ìgbà àtijọ́. Ladipo Solanke, ọmọ Abẹ́òkúta, dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1922 láti kọ́ ìmọ̀ òfin. Ní 1924, ìwé ìròyìn kan ní Lọ́ńdọ́nù tẹ ọ̀rọ̀ àbùkù jáde nípa àwọn ará Nàìjíríà, bí ẹni pé jíjẹ ènìyàn àti oògùn burúkú ni gbogbo ìwà wa. Solanke kò dákẹ́. Ó kọ̀wé láti tako ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún kan náà ó sọ̀rọ̀ lórí rédíò ní èdè Yorùbá, èyí tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí ṣáájú rẹ̀. Ní 1925 òun àti Dókítà Herbert Bankole-Bright láti Sierra Leone dá Ẹgbẹ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí WASU, ní 1933 ẹgbẹ́ náà sì ṣí ilé kan ní Camden Town fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti máa gbé. Ọwọ́ ọ̀tún ni Solanke fi júwe ilé. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i pé èké ni ó dìde sí. Títako èké kì í sì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú fífi òtítọ́ pamọ́.

Ibi tí ọ̀ràn náà ti le nìyí, àdúgbò wa níhìn-ín ni a ó sì fi ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀. Bí a bá bi ọmọ Olódì-Àpápá léèrè lókè òkun pé níbo ni ilé rẹ̀ wà, ó lè dáhùn pé, “Àpápá,” kí ó sì pa ẹnu dé níbẹ̀. Kò purọ́. Ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ó fò dá: Ajégúnlẹ̀ ni, tí orúkọ rẹ̀ ń wí pé ajé ti gúnlẹ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n tí àwọn ẹlòmíràn ti sọ di òwe fún ìṣẹ́ àti ìwà ìpáǹle. Ọmọ náà lè wí fún wa pé, “Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Bí mo bá dárúkọ omi tí ń kún ojú títì wa, ohun náà nìkan ni wọn yóò gbọ́.” Àwíjàre yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, kò sì yẹ kí a fi ṣẹ̀sín. Etí ẹni tí ó ti gbọ́ búburú nípa wa tẹ́lẹ̀ kì í dúró déédé.

Síbẹ̀ a kò lè gbà pé fífi pamọ́ ni ọ̀nà. Ìdí kìíní ni pé àbùkù ilé àti ìṣúra rẹ̀, ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n sábà ń gbà jáde. Èbúté Àpápá, tí a bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ní 1921, fa ọ̀pọ̀ ènìyàn wá wáṣẹ́. Ilẹ̀ tí agbára wọn sì ká ni ilẹ̀ àbàtà tí ó rẹlẹ̀, tí omi kì í tètè kúrò lórí rẹ̀. Níbẹ̀ ni Yorùbá, Ìlàjẹ, Ijaw, Urhobo, Ìgbò àti Haúsá ti di ará ilé kan, tí àwọn ọmọ wọn jọ ń gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá Maracana, tí Daddy Showkey sì ti fi orin gbé orúkọ Ajégúnlẹ̀ kiri. Ẹni tí ó fi àbàtà pamọ́ ti fi ìmọ̀ bí a ti í bá ẹlédè mìíràn gbé pamọ́ pẹ̀lú, bóyá ni ó sì ní ohun tí ó dára ju èyí lọ láti fi ta àwọn tí ó gbà á lọ́rẹ.

Ìdí kejì ni pé ẹni tí a fi kìkì ohun dáradára hàn, kìkì ohun dáradára ni yóò fi hàn wá padà. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bí onílé àti àlejò bá jọ ń bo nǹkan, bí wọ́n ti pàdé ni wọn yóò ṣe túká. Ìdí kẹta ni ó wúwo jùlọ. Ìyá tí ń tajà ní ọjà Boundary, tí ó fi èrè rẹ̀ san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ náà, wà nínú ohun tí ọmọ fi pamọ́.

Kí ni ọwọ́ ọ̀tún, nígbà náà? Kì í ṣe ọwọ́ ìpọ́nni. Ọwọ́ tí a fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà ni, ọwọ́ ọ̀wọ̀. Ẹni tí ó bá fi í júwe ilé gbọ́dọ̀ júwe ilé náà gan-an, kì í ṣe ilé aládùúgbò tí ó lẹ́wà jù ú lọ. Kí ó sọ àléébù pẹ̀lú ohun tí ó fà á, kí ó sì sọ ohun tí àwọn ará ilé ń ṣe sí i. Kí ó má ṣe fi wá ẹ̀rín tàbí àánú. Ṣùgbọ́n àṣírí tí ẹnìkan fi hàn án ní ìkọ̀kọ̀, ti onítọ̀hún ni, kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀ láti sọ.

Iṣẹ́ kù sí ọwọ́ àwa tí a ń gba àlejò pẹ̀lú. Nígbà tí àgùnbánirọ̀ bá ti Borno tàbí Benue wá kọ́ àwọn ọmọ wa, a lè ní kí ó wọ aṣọ ilẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ àṣà, kí ó jó, kí a pàtẹ́wọ́, kí a sì rò pé a ti mọ̀ ọ́n. Aṣọ àti ijó dára, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà lásán ni wọ́n. Ẹ bi í léèrè pé, bí ọmọ ìyá méjì bá jà nílé yín, ta ni ń parí rẹ̀? Báwo ni ẹ ti ń sin òkú? Kí ni ẹ ń fẹ́ kí ó yí padà? Kí àwa náà sì dáhùn ìbéèrè kan náà nípa ilé tiwa, nítorí ọmọdé tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn yóò ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Kí a má sì ṣe dá a lẹ́bi nítorí ohun tí àwọn kan ṣe ní ilẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọmọ tí ó jókòó níwájú yín lónìí lè jẹ́ ẹni tí a ó rán lọ́la. Ẹ kọ́ ọ ní ìtàn àdúgbò rẹ̀, ìdí tí omi fi ń dúró níbẹ̀, àti àwọn ẹ̀yà tí ń gbé ibẹ̀, kí àjèjì tó bi í. Nígbà náà, bí wọ́n bá bi í pé níbo ni ilé rẹ̀, yóò lè pe Ajégúnlẹ̀ láìwo ilẹ̀.